Millennium Force tàbí Steel Vengeance?

Ọgbà ìgbafẹ́ Cedar Point ní Sandusky, ìpínlẹ̀ Ohio, ni roller coaster (ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń sáré lójú irin) méjèèjì wà, àmọ́ eré wọn ò jọra rárá. Millennium Force (2000) ga ní ẹsẹ̀ bàtà 310, ó ń sáré dé máìlì 93 láàárín wákàtí kan. Okùn irin ló ń fà á gòkè, kì í ṣe ṣéènì, ìyẹn ni ò jẹ́ kó falẹ̀. Nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, ara á wúwo bí òkúta, ojú ẹlòmíì a tilẹ̀ ṣókùnkùn. Lẹ́yìn ìyẹn, eré àti atẹ́gùn nìkan ló kù.

Lójú tèmi, Steel Vengeance (2018) ló dùn jù. Ẹsẹ̀ bàtà 205 péré ni, máìlì 74, òpó igi Mean Streak, roller coaster onígi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló gbé e ró, ṣùgbọ́n irin lojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń dorí èèyàn kodò, ìdí ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àga. Ẹ fẹ̀yìn ti àga dáadáa kí wọ́n tó ti ọ̀pá orí itan. Bí ẹ bá sún wálẹ̀ lórí àga, ọ̀pá náà á túbọ̀ máa fún yín mọ́lẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó sí: tiwájú ti ń já wálẹ̀ kí tẹ̀yìn tó gorí òkè tán, ló bá fà á já pátápátá. Ní ti Millennium Force, iwájú ló dùn.