Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Òbí: Ẹ Má Ra Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin fún Ọmọ Yín Lọ́wọ́ Ọkùnrin Yìí

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gbé ní Houston, Katy, Richmond àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká ní Texas, ọkùnrin kan wà láàárín wa tí ó ń ta alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ATV, fún àwọn tí wọ́n ní ọmọ kékeré, irọ́ pátápátá ni ó sì ń pa nípa ọjọ́ orí ọmọ tí ó lè gùn ún. N kò ní í dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí agbẹjọ́rò tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí yóò dá a mọ̀: yóò pè yín ní Ẹ̀gbọ́n, yóò béèrè ìlú bàbá yín, yóò sì búra pé òun kò jẹ́ jèrè lórí ọmọ Yorùbá. Dọ́là 1,150 ni ó gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi ọkùnrin, tí ó pé ọdún 7 ní oṣù kẹta, ni egungun tí ó so òkè àyà pọ̀ mọ́ èjìká rẹ̀ kán, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi so ó kọ́ ọrùn títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé níbo ni ojú mi wà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Iṣẹ́ ayẹ̀wé-owó-wò ni mo ń ṣe láti ọdún 14 sẹ́yìn. Òǹkà tí kò bá ara mu ni mo fi ń jẹun, rísíìtì tí ó ní àbùkù kì í kọjá níwájú mi, síbẹ̀ mo fi owó mi ra ohun tí kò ní ìwé kankan, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan, lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ ilé rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni mí o. Ọkùnrin náà mọ ibi tí a ti ń mú ènìyàn.

Ilé ìtajà ńlá kan ni a kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá wa lóhùn níbẹ̀ béèrè ọjọ́ orí ọmọ, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì sọ pé òun kò ní í ta Honda TRX90X tí mo nawọ́ sí fún mi, nítorí pé ọmọ ọdún 10 sókè ni wọ́n ṣe é fún. Ó fi ọ̀kan tí ó kéré hàn wá, iye tí ó sì pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó tí mo ní lọ́kàn láti ná. Inú bí mi. Mo rò pé àwọ̀ ara mi àti ohùn ẹnu mi ni ó ń wò, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó mi nínú ọkọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ ni ó ń wò. N kò dá a lóhùn títí a fi délé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí nọ́ńbà ọkùnrin yìí gbà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Sátidé, ó ti gbé alùpùpù pupa kan sórí pákó, ó tan iná iwájú rẹ̀ méjèèjì lọ́sàn-án gangan, ọmọ mi sì pariwo pé, “Dádì, ó ní ojú!” Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni owó mi ti lọ. Ìwé àlẹ̀mọ́ kan wà níwájú ìjókòó rẹ̀ tí wọ́n kọ 6+, ìyẹn ọmọ ọdún 6 sókè, sí gàdàgbà. Mo rí i pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 125cc, mo sì béèrè (ẹ gbọ́ o, mo béèrè!) bóyá kò tóbi jù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà kò wọ aṣọ iléèwé tí ó tóbi jù yín lọ rí ni? Yóò dàgbà bá a.” Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí ìyá mi ṣe ń ra bàtà fún mi ní Ìjẹ̀bú-Òde gan-an nìyẹn, bàtà tí ó fi nọ́ńbà méjì jù mí lọ, tí a ó wá fi bébà ìwé ìròyìn dí ṣóńṣó rẹ̀. Bàtà kì í gbé ọmọ sá lọ! Èmi àgbàlagbà tí ń yẹ ìwé wò, mo fi bàtà ṣe òṣùwọ̀n ohun tí ó ní ẹ́ńjìnnì. Ọmọ náà jókòó sórí rẹ̀ níwájú mi, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kan ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, mo rí i, mo sì sọ fún ara mi pé kò sí nǹkan.

Nígbà tí mo béèrè ìwé, ó ní ìwé ẹ̀rí láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ń bọ̀ lọ́nà. Dọ́là 1,250 ni ó pè é, ó yọ dọ́là 100 kúrò, ó ní ó tọ́ sí ọmọ Ìjẹ̀bú, mo sì fi fóònù fi owó náà ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú! Àwa tí gbogbo ayé ń sọ pé owó kì í bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí ó gùn ún ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, lórí ilẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan nítòsí Brookshire. Ó dé akoto, ó wọ ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò gígùn sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a kò ṣe èyí tí ó yẹ kí á ṣe. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí a ti ń fún un níná, alùpùpù náà ta síwájú, nígbà tí ó sì gbé àtàǹpàkò kúrò, ohun tí ó tẹ̀ kò padà sípò rẹ̀. Mo rí i tí ó ń na ìka sí bíréèkì, orí ìka nìkan ni ó sì dé ibẹ̀. Rìmóòtù kékeré tí ọkùnrin náà fún mi, tí ó ní bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ẹ́ńjìnnì yóò kú, wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un tẹ̀. Mo ń sáré, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń pariwo orúkọ ọmọ mi, bí ẹni tí ó fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n ilé aládùúgbò láti ìta gbangba. Ìdì koríko ńlá kan tí wọ́n ká sí ẹ̀bá ọgbà ni ó dá a dúró, ọwọ́ irin alùpùpù náà sì gbá a láyà àti léjìká. Dókítà ní kí á dúpẹ́ pé kò dojú dé lé e lórí. Mo dúpẹ́, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń dúpẹ́.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn. Mo lọ sí gáréèjì, mo mú àkísà tútù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹrẹ̀ kúrò lára ohun burúkú náà, n kò lè sọ ìdí rẹ̀. Etí ìwé àlẹ̀mọ́ 6+ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè. Mo fi èékánná fà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń bó iye owó kúrò lára ẹ̀bùn, ìwé mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó wí gedegbe pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ gùn ún. Ọdún 16! Ó mọ̀. Ó fi tirẹ̀ bo ti ilé iṣẹ́ mọ́lẹ̀, ó wá fi ọwọ́ kan náà pa ọmọ mi lórí, ó pè é ní ọ̀gá kékeré, ó bá a ya fọ́tò. Mo ń ro ó títí di ìsinsìnyí, n kò sì mọ irú ọkàn tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé, nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Òfin tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2008 ni ó sọ ìlànà ààbò àwọn alùpùpù wọ̀nyí di dandan, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ààbò ọjà, tí wọ́n ń pè ní CPSC, ni ó sì ń bójú tó o. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 6 sókè kò gbọdọ̀ lè sáré ju máìlì 15 lọ ní wákàtí kan bí a bá tilẹ̀ tú ohun tí ó sé eré rẹ̀, ilé iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti sé e mọ́ máìlì 10 kí ó tó dé ọwọ́ òǹrajà. Ti ọmọ ọdún 10 sókè kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 30, wọn a sì ti sé òun náà mọ́ 15. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ni ilẹ̀ gun tiwa lẹ́yìn tí ó ti bá wa tú ibi ìfúnná rẹ̀ tí ó há, fóònù wà lápò rẹ̀ tí ó ń ka eré, ó sì dé máìlì 36. Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìlànà ní kí ti iwájú wà pẹ̀lú. Bíréèkì tí kì í jẹ́ kí ó yí kúrò níbi tí a bá gbé e sí kò tilẹ̀ sí lára rẹ̀. Èyí tí ó wá dùn mí jù ni pé àwọn ti ọmọdé kò gbọdọ̀ ní iná ńlá níwájú, kí ó má baà wu ọmọ láti gùn wọ́n lóru. Iná tí ọmọ mi pè ní ojú, tí mo tìtorí rẹ̀ yọ owó, òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ohun náà kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹ̀rí náà ń tàn sí mi lójú lọ́sàn-án gangan, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ yín ni ó tẹ̀ ẹ́ jù.” Ọmọ ọdún 7! Nígbà tí mo dárúkọ ìwé tí ó wà lábẹ́ ìwé, ó ní bí òun náà ṣe rà á nìyẹn, ó ní kí n ṣe sùúrù, láti ọjọ́ náà ni ìpè mi kò sì ti wọlé sí fóònù rẹ̀ mọ́. Ilé ìfowópamọ́ mi ní èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fi owó náà ránṣẹ́, kò sì sí ohun tí àwọn lè rí ṣe sí i. Ọ̀bẹ ẹ̀yìn ni ọkùnrin yìí fi jẹ mí níṣu, èdè ìyá mi ni ó sì fi ṣe àwo rẹ̀.

Ìyàwó mi kò sọ pé òun ti wí i. Dídákẹ́ tí ó dákẹ́ ni ó ń pa mí. Àwọn ẹlòmíràn kò dákẹ́ ní tiwọn; wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi pé ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 gun ATV rárá, irú èyí tí ó wù kí ó jẹ́. Òtítọ́ ni, mo ti kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi í ránṣẹ́ ní aago 12 òru, ṣé àwọn ọmọ tiyín kì í gun nǹkan kan ni? Ẹ forí jì mí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ ní oṣù méjì sẹ́yìn, n bá sọ pé òyìnbó bẹ̀rù jù.

Ẹni tí yóò bá rà á síbẹ̀, kí ó wá orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é lórí ìtàkùn CPSC, níbi tí wọ́n to àwọn ilé iṣẹ́ tí àjọ náà ti fọwọ́ sí ètò ààbò wọn sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ fi èékánná fa etí ìwé ọjọ́ orí wò. Kí ọmọ dìde dúró lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, kí àlàfo bí ínṣì 3 sí 6 wà láàárín ìdí rẹ̀ àti ìjókòó, kí ó sì na ìka lórí ọwọ́ irin, kí oríkèé àkọ́kọ́ ìka àárín rẹ̀ kọjá bíréèkì. Ẹ tẹ ibi ìfúnná, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ rí i pé ó ń padà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó gùn ún, kì í sì í ṣe lórí títì ọlọ́dà, nítorí orí ilẹ̀ ni wọ́n ṣe táyà rẹ̀ fún. Kí akoto ní àmì DOT, ìyẹn àmì ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ìrìnnà. Bí kò bá sí ìwé, kí owó má ṣe jáde. SaferProducts.gov, ìtàkùn tí CPSC ti ń gba ẹ̀sùn nípa ọjà tí ó léwu, ni mo ti fi ẹjọ́ tèmi sùn.

Ní tèmi, n kò gba ẹnikẹ́ni tí ó ń tajà gbọ́ mọ́. Lánàá mo dúró níwájú ìyá tí ó ti ń ta ẹ̀lùbọ́ fún wa láti ọdún 9 sẹ́yìn, mo ní kí ó tún un wọ̀n lójú mi. Ó wò mí títí, ó tún un wọ̀n, ó sì fi díẹ̀ lé ní ohun tí mo sanwó rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé ìtajà àkọ́kọ́ yẹn náà ń bẹ lọ́kàn mi, ẹnì kan ṣoṣo tí ó sọ òótọ́ fún mi, tí mo sì torí rẹ̀ bú u nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ padà lọ kí i, ojú kò jẹ́ kí n lọ.

Ìdí tí mo fi kọ èyí lónìí, tí n kò dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò dé ilé ẹjọ́, ni àwòrán kan tí ìyàwó mi fi hàn mí ní àárọ̀ yìí. Ọkùnrin náà ti tún gbé òmíràn jáde fún títà, aláwọ̀ búlúù, dọ́là 1,250, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ọmọ ọdún 5 lè gùn ún. Iwájú ilé ìkẹ́rùsí kan náà ni ó ti yà á, lọ́sàn-án, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sì ń tàn.