Àwọn ajẹ́ńtì òṣìṣẹ́ nílùú Ìlọrin: ohun tí owó wọn kájú, àti ohun tí kò kájú

Láti Taiwo dé Unity, títí wọ Tanke, ilé oúnjẹ, súpámákẹ́ẹ̀tì àti ilé oògùn ti pọ̀ débi pé wíwá ọmọ tó máa bá wọn ṣiṣẹ́ ti di òwò gedegbe. Ọ̀pọ̀ ajẹ́ńtì tó ń ṣe òwò yìí kò ní ju fóònù àti WhatsApp lọ. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń tà fún ọ̀gá: wọ́n á wá òṣìṣẹ́, wọ́n á gba fọ́ọ̀mù onídùúró lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì ṣèlérí pé tó bá kúrò láàárín àsìkò kan, àwọn á wá ẹlòmíì láìgba owó mìíràn. Ti àkọ́kọ́ wúlò púpọ̀. Ìkejì kò tó. Ìkẹta ló máa ń jẹ́ kí ọ̀gá sùn nígbà tó yẹ kó lajú.

Ká kọ́kọ́ yìn wọ́n níbi tí ìyìn wà. Ọ̀gá tó lẹ ìwé «A ń fẹ́ òṣìṣẹ́» mọ́ ilẹ̀kùn, ẹni tó bá ń kọjá nìkan ló máa rí. Ajẹ́ńtì lè kó ènìyàn márùn-ún wá láàárín ọjọ́ méjì, ó sì mọ àdúgbò tí kálukú ń gbé. Àmọ́ bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ fún un ló ṣe máa wá a. «Mo fẹ́ ọmọ tó já fáfá» kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ sọ pé: ẹni tó lè ka owó dáadáa, tí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo máa gbé dé Challenge, tó lè dúró títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, Sátidé náà ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ọmọ tó ní láti wọ ọkọ̀ méjì lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò ní pẹ́, bó ti wù kí owó oṣù rẹ̀ dára tó. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin tàbí Pólì ni, ẹ béèrè àsìkò ìdánwò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á. Ẹ sì sọ ti ìrun síwájú: ta ni yóò jókòó sídìí owó nígbà Ayílà àti Alásàrí, ta ni yóò dúró fún àwọn tó lọ sí Jímọ̀, ta ni kò ní wá láàárọ̀ Sunday. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ èyí sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní máa bá ara wọn jà nínú oṣù ààwẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ọ̀gá ti ṣí ojú rẹ̀ jù ni owó ajẹ́ńtì. Ẹ má béèrè iye rẹ̀ nìkan, ẹ béèrè ẹni tó ń san án. Ọ̀pọ̀ ajẹ́ńtì ń gba ti ọ̀gá, wọ́n tún ń gba ìdajì owó oṣù àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní owó oṣù jẹ́ 50,000 náírà (ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 kò sí lábẹ́ òfin owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024). Ajẹ́ńtì mú 25,000. Ká ní kẹ̀kẹ́ jẹ́ 400 ní lílọ, 400 ní bíbọ̀, fún ọjọ́ 26: 20,800 nìyẹn. 4,200 náírà ló kù lọ́wọ́ ọmọ tó ṣiṣẹ́ fún odidi oṣù. Ọmọ yìí á yá owó lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún, tàbí kó fi ọwọ́ kan owó ọ̀gá pẹ̀lú èrò pé òun á dá a padà, tàbí kó sá lọ ibòmíì tí wọ́n ti ń sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ṣeé fọkàn tán, bẹ́ẹ̀ ebi ló ti bá ọmọ náà wọlé lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ajẹ́ńtì tó ń gbowó lọ́wọ́ ọ̀gá nìkan fi sàn jù, kódà tí owó rẹ̀ bá wọ́n ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bi òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa tún fẹ́ kí ẹni tó bá ń fi wíwá òṣìṣẹ́ ṣòwò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ ní kó fi tirẹ̀ hàn yín.

Fọ́ọ̀mù onídùúró tí wọ́n ń kó wá máa ń ní fọ́tò, orúkọ àti ìbuwọ́lùwé, ó parí. Onídùúró tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò kì í ṣe onídùúró. Ní Ìlọrin, ohun tó lágbára ju fọ́ọ̀mù lọ ni agbo ilé: ẹ béèrè agbo ilé tí ọmọ náà ti wá, kí ẹnìkan lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ kó kí àwọn àgbà, kó sọ ibi tí ọmọ wọn fẹ́ máa ṣiṣẹ́. Fún ẹni tó ti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán wá, ẹ bá ẹ̀gbọ́n tó gbà á sílé sọ̀rọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ (NIN) rẹ̀ pẹ̀lú, díjíìtì mọ́kànlá ni.

Ajẹ́ńtì kò lè dán iṣẹ́ wò fún yín. Ọjọ́ mẹ́ta tó, kẹ́ ẹ sì sanwó rẹ̀: 50,000 tí a pín sí ọjọ́ 26 jẹ́ bíi 1,900 lójúmọ́. Ẹni tó máa gbowó, ẹ fún un ní ọjà oríṣi mẹ́wàá pẹ̀lú iye wọn, kó ṣírò rẹ̀, kó fún oníbàárà ní ṣéńjì 20,000 náírà nígbà tí ẹlòmíì ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó máa gbé oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó gba ọ̀rọ̀ tábìlì mẹ́ta pọ̀.

Ní ti ìlérí ìrọ́pò, oṣù mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń bo àìsàn tó wà nínú ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé tó ti gba ènìyàn mẹ́rin sípò kan náà láàárín ọdún kan, àìsàn ń bẹ nínú ilé yẹn, ajẹ́ńtì kò sì ní sọ fún ọ̀gá nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn náà ni gígé owó oṣù. Ká ní owó ọjà dín ní 6,000 náírà, ọ̀gá pín in sórí ọmọ mẹ́ta. Ẹni tó mú un san 2,000, ó jèrè 4,000. Àwọn méjì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló san ìyókù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni irú èyí máa ṣẹlẹ̀ kí olóòótọ́ tó kúrò, aláìṣòótọ́ ló máa kù. Dúrọ́ọ̀ owó kan, ẹnìkan: kí ẹni tó gba ṣíìfù ka owó níwájú ẹni tó ń lọ, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú. Tí alẹ́ẹ̀tì tírańsífà bá ń wọ fóònù ọ̀gá tó wà ní Àbújá, ẹ má bu owó alẹ́ẹ̀tì ayédèrú lé ọmọ tí kò rí àkáǹtì; ẹ gbé P.O.S tó ń tẹ rìsíìtì jáde síwájú rẹ̀. Òfin pàápàá kò fàyè gba kí ọ̀gá dá gé owó fún àdánù láìgba àṣẹ kíkọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ fà á tàbí pé ó ṣàìbìkítà. Bíbú ọmọ níwájú oníbàárà náà ń léni lọ. Ẹ pè é sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó bá a wí.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ kì í ṣe ti ilé ìfowópamọ́ nìkan. Òfin fún yín ní oṣù mẹ́ta láti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀, wákàtí rẹ̀ àti bí ẹ ṣe lè pínyà. Ìkìlọ̀ kó tó kúrò, tàbí kẹ́ ẹ tó ní kó máa lọ, jẹ́ ọjọ́ kan tí kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan títí tó fi máa pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí di ọdún márùn-ún, oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje náà wà nínú òfin, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló sì ń fi èyí ṣeré.

Tí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá lọ sókè, tí ẹ sì ń ṣí ẹ̀ka tuntun, ẹ gba ajẹ́ńtì, ó máa dín wàhálà kù. Tó bá jẹ́ ẹnìkan tàbí méjì lẹ nílò, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa lọ́wọ́ yín bóyá wọ́n mọ ẹnìkan, kẹ́ ẹ fún ẹni tó mú un wá ní nǹkan díẹ̀ nígbà tí ẹni náà bá pé oṣù mẹ́ta. Ẹni tó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ajẹ́ńtì, kó pín owó rẹ̀ sí méjì: ìdajì lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìdajì lọ́jọ́ ọgọ́ta. Ajẹ́ńtì tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ló máa pe ọmọ náà lọ́sẹ̀ kejì, kó béèrè bóyá wọ́n ń fún un láyè jẹun.