Abẹ́rẹ́ Amvuttra: Iṣẹ́ Rẹ̀ Dára, Owó Rẹ̀ Ga Jù

Nínú àwọn oògùn tí ó ń pa àbùdá burúkú lẹ́nu mọ́, tí wọ́n ti ń wọ ọjà láti ọdún 2018, Amvuttra ti ilé-iṣẹ́ Alnylam ní Amẹ́ríkà ni mo gbà pé ó kan àwa ọmọ Yorùbá jù lọ. Àìsàn tí ó wà fún ni pé purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní transthyretin, a máa bàjẹ́, a sì máa lẹ̀ mọ́ ọkàn títí ọkàn yóò fi le, tí kò fi ní lè gba ẹ̀jẹ̀ sínú bó ṣe yẹ. Àṣìṣe àbùdá kan tí ó ń fà á, V142I, wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: nǹkan bí 3 sí 4 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ní i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni àìsàn náà yóò mú.

Bí ẹni gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ lójú ọ̀nà ni oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ń gé RNA tí ó ń gbé àṣẹ purotéènì náà kí ẹ̀dọ̀ tó rí i kà. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ni, mílígíráàmù 25 nínú ìdajì mílílítà, lábẹ́ awọ itan, ikùn tàbí apá, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí, nítorí Onpattro tí ó ṣáájú rẹ̀ ń béèrè pé kí wọ́n máa fa omi oògùn sí aláìsàn lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta.

Nínú ìwádìí HELIOS-B, tí ènìyàn 655 kópa nínú rẹ̀, ó fi 28 nínú 100 dín ewu ikú àti ìṣòro ọkàn tí ń padà wá kù. Èyí ni FDA, àjọ tí ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, rí tí wọ́n fi fọwọ́ sí i fún àìsàn ọkàn ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ó máa ń dín fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ kù, nítorí náà aláìsàn gbọ́dọ̀ máa lo àfikún rẹ̀.

Owó rẹ̀ ni kò bá mi lára mu. Ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n dá lé e ju 450,000 dọ́là lọ lọ́dún kan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi owó àpò ara rẹ̀ san. Ó sì tún burú pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú kì í tètè mọ̀ pé àìsàn yìí ni ó ń ṣe wọ́n, torí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n máa ń sọ pé ó fa wàhálà ọkàn wọn, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí ni ó ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti ń kú láti ọdún pípẹ́, kí ó béèrè fún àyẹ̀wò àbùdá TTR (ìyẹn àbùdá tí ó ní àṣẹ transthyretin) lọ́wọ́ dókítà ọkàn.