Ṣíbí Oneida: ẹ yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú ẹrù tòkunbọ̀ l’Adó-Èkìtì, láàárín abọ́ tánganran àti ife onígíláàsì, lè bá ṣíbí àti fọ́ọ̀kì tí wọ́n lu “Oneida” tàbí “Community” mọ́ lẹ́yìn. Ọjà gidi ni púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Dídán kọ́ ni kí ẹ wò, torí irin burúkú náà ń dán. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn.

“Community” yẹn kì í ṣe orúkọ ìpolówó lásán. Ìjọ ni. John Humphrey Noyes, tó dá a sílẹ̀, tí wọ́n bí ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, ní 1811, kọ́ṣẹ́ pásítọ̀, àmọ́ ní 1834 ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ pátápátá, ni wọ́n bá gba ìwé àṣẹ ìwàásù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ni pé Jésù ti padà wá láti ọdún 70, nígbà tí Jerúsálẹ́mù wó. Ní 1847 ni ọlọ́pàá mú un ní Putney, ní Vermont kan náà, nítorí àgbèrè. Nígbà tó di 1848, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà ní Oneida, ní ìpínlẹ̀ New York. Níbẹ̀, gbogbo ọkùnrin ni ọkọ gbogbo obìnrin. Ẹni tó bá yan ẹnì kan láàyò, wọ́n á pè é jókòó, wọ́n á máa ka àléébù rẹ̀ sí i létí lójúkojú. Láti 1869, ìgbìmọ̀ ló ń sọ ẹni tí yóò bá ẹni bímọ, ọmọ 58 ni wọ́n sì bí bẹ́ẹ̀. Àpò kan ni gbogbo wọn ń ná. Ẹni tó mọ ìtàn Ayétòrò létí òkun Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, mọ bí àpò kan ṣe lè gbé ìlú ró.

Wọn kì í fi iṣẹ́ ṣeré rárá. Sewell Newhouse, tó ń rọ takúté onírin fún àwọn ọdẹ, dara pọ̀ mọ́ wọn, takúté yẹn ló sì kọ́kọ́ sọ wọ́n di olówó. Wọ́n ṣe èso inú agolo, wọ́n ṣe òwú sílíìkì. Ní 1877 ni ẹ̀ka wọn ní Wallingford, Connecticut, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíbí. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni ìjọ dàrú. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti kàwé, wọ́n fẹ́ ọkọ tàbí aya tiwọn. Theodore, ọmọ tí Noyes fẹ́ gbé àkóso lé lọ́wọ́, kò gba ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀ gbọ́. Àwọn pásítọ̀ ìta náà sì ń pariwo. Ní oṣù kẹfà 1879, Noyes sá lọ sí Canada lóru. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n fi ìgbéyàwó àpapọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1881, wọ́n sọ gbogbo ohun ìní wọn di iléeṣẹ́ onípìn-ín, wọ́n pín ìpín rẹ̀ fún ara wọn. Pierrepont, ọ̀kan nínú ọmọ Noyes, ló wá fi gbogbo agbára iléeṣẹ́ náà sórí ṣíbí.

Ó yá, ẹ yí ṣíbí padà. Tó bá jẹ́ “Community” nìkan, tàbí “Tudor Plate”, fàdákà tí wọ́n fi bo irin mìíràn ni. Tó bá jẹ́ “Community Stainless” tàbí “Oneidacraft”, irin tí kì í tètè dógùn-ún ni. “18/10” túmọ̀ sí kurómíọ̀mù 18 àti níkẹ̀lì 10 nínú 100. “18/0” kò ní níkẹ̀lì, òòfà sì máa ń fà á. Ẹ má fi òòfà dán ọ̀bẹ wò o, irin líle ni wọ́n fi ń ṣe ojú ọ̀bẹ, òòfà á fà á bó ti wù kó dára tó. Oneida ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Sherrill, New York, ní 2005, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ìgbà náà. Nítorí náà ẹ fi ìka yẹ àárín ehín fọ́ọ̀kì wò: tó bá rí ṣákaṣàka, wọn ò dán an tó. Ẹ tẹ ọrùn ṣíbí pẹ̀lú àtàǹpàkò. Èyí tó bá tẹ̀, ẹ dá a padà.

Ti onífàdákà, ìdí ṣíbí níbi tó fi ń jókòó lórí tábìlì ni ó ti ń kọ́kọ́ ṣí. Tí ẹ bá rí àwọ̀ pípọ́n níbẹ̀, fàdákà ti lọ, kò sí fífọ̀ tí yóò dá a padà. Dúdú lásán kì í ṣe àbùkù: imí ọjọ́ inú ẹyin ló fà á. Ẹ tẹ́ fóìlì tí a fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ tánganran, ẹ da omi gbígbóná lítà kan sí i, pẹ̀lú bákìn sódà ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ jẹ́ kí ṣíbí fara kan fóìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Á rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ìyẹn ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Eérú àti kànhìnkànhìn onírin, ẹ má gbé e débẹ̀.

Èyí tí kì í dógùn-ún náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Lẹ́yìn òde, àwọn alásè máa ń rẹ ṣíbí sínú bílíìṣì di ọjọ́ kejì. Bílíìṣì àti iyọ̀ ọbẹ̀ á jẹ ẹ́ lójú, á máa ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná mú. Ọ̀bẹ ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ nù ún gbẹ.

Odindi páálí oní-20 kò ṣe wá láǹfààní tó. Ènìyàn mẹ́rin ló wà fún, ohun èlò márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fọ́ọ̀kì sàláàdì sì wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò lò ó n’Íkẹ̀rẹ́? (Ti iyán, a ò tilẹ̀ ní dárúkọ fọ́ọ̀kì.) Ẹ ṣa ṣíbí ìrẹsì, ṣíbí tíì, àti èyí tó tóbi tí a fi ń bu ẹ̀fọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bára mu, ẹ fi iṣẹ́ ọnà orí ìdìmú wá a, ẹ má fi “Oneida” nìkan wá a: “Coronation” ti 1936 àti “Evening Star” ti 1950 kò jọra rárá, bẹ́ẹ̀ “Community” kan náà ló wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì.