Àgúnmu ewúro òun ejìnrìn tí mo rà ní Ìtòkú: kí ni ó ṣe fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi?

Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́kulẹ́ja ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, ni ó máa ń gún àgúnmu yìí tà. Ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì ni mo ní, metformin ni dókítà sì fi mí sí. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé triglyceride mi, ìyẹn irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, ti di 238 mg/dL, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó tó 150, lẹ́kulẹ́ja náà fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Gbogbo ọ̀rá yẹn ló máa yọ́ dànù."

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Àgúnmu náà kúnná bí ẹ̀lúbọ́, àwọ̀ ewé kò tíì kúrò lára rẹ̀, n kò sì rí iyanrìn kankan nísàlẹ̀ ife nígbà tí mo fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún tán. Ó korò gan-an. Ohun tí ó bí mi nínú ni pé wọn kò kọ nǹkan kan sára láílọ́ọ̀nù tí wọ́n dì í sí: kò sí ìwọ̀n ewé, kò sí ọjọ́ tí wọ́n gún un, kò sí nọ́ńbà NAFDAC.

N kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé. Metformin tí mo ń lò pàápàá, ara ewéko kan tí ń jẹ́ Galega officinalis ni ìwádìí rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé sì ti ń lò ó láti ọdún 1957. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí kọjá ká kàn gún ìka wo ṣúgà. Nígbà tí ara kò bá gbọ́ràn sí insulin, èròjà tí ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu mọ́, ọ̀rá tí ara ti kó pamọ́ a máa tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ a gbà á, a sọ ọ́ di triglyceride, a sì tún tú u padà sínú ẹ̀jẹ̀, bí èyí bá sì ṣe ń gòkè ni HDL, tí ó jẹ́ ọ̀rá rere, yóò máa lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo padà ṣe àyẹ̀wò láìtíì fẹnu kan oúnjẹ. Triglyceride ti wálẹ̀ sí 181. LDL, èyí tí ó máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, kúrò ní 142 sí 139 péré, HDL kò sì mira rárá. Àgúnmu nìkan kọ́ ni mo lè fi ìyìn 181 yẹn fún, nítorí pé àkókò yẹn náà ni mo dín làfún alẹ́ kù, tí mo sì jáwọ́ nínú mínírà. Statin, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí dókítà wá kọ fún mi ni ó fa LDL wálẹ̀ sí 88.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Màá ṣì máa mu ún, pẹ̀lú ìmọ̀ dókítà mi, ṣùgbọ́n n kò ní fi rọ́pò statin. Kí ẹni tí ó bá ń lo glibenclamide, tí òun náà jẹ́ oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tàbí abẹ́rẹ́ insulin ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé ejìnrìn máa ń fa ṣúgà wálẹ̀, àpapọ̀ wọn sì lè jẹ́ kí òógùn bo ènìyàn, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n, kí ó sì dákú. Kí aláboyún má tilẹ̀ tọ́ ọ wò.