Gémù Ìyìnbọn Òfurufú Àtijọ́ Mẹ́rin: Èwo Ni Kí Ẹ Fowó Rà?

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹyọ kan péré nínú àwọn gémù ìyìnbọn òfurufú àtijọ́, Galaga ni kí ẹ rà. Òkìkí Space Invaders ju tirẹ̀ lọ, mo gbà. Àmọ́ bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ku ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe, òun ni mo sì fi wọ̀n wọ́n.

Space Invaders àti Galaga jọra lójú àkọ́wò. Ọ̀pá tàbí bọ́tìnnì ló ń gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́tùn-ún àti sósì, bọ́tìnnì kan ló ń yìnbọn. Nínú Space Invaders, tí Tomohiro Nishikado ṣe fún ilé iṣẹ́ Taito ní Japan lọ́dún 1978, ẹ̀dá òfurufú 55 ló tò sí ìlà 5, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá yín. Bí wọ́n ṣe ń kú ni ìyókù ń yára sí i. Agbára ẹ̀rọ ìgbà yẹn ló kéré: bí àwọn ẹ̀dá tí ẹ̀rọ náà ní láti yà bá ṣe ń dín kù ni iṣẹ́ rẹ̀ ń yá, Nishikado sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ẹyọ kan tó máa ń ṣẹ́ kù yẹn, ẹ ó làágùn kí ẹ tó bà á. Ohun tó ń súni ni pé ọta kan ṣoṣo ni ẹ lè yìn lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tàsé, ẹ ó dúró kó kọjá lọ tán.

Galaga, tí ilé iṣẹ́ Namco gbé jáde ní 1981, fún yín ní ọta méjì. Àwọn ọ̀tá ń pòyì wọlé kí wọ́n tó dúró sí àyè wọn, wọ́n á sì tún já wálẹ̀ lójijì. Èyí tó mú mi yàn án ni ti ìgbèkùn. Ọ̀gá wọn máa ń sọ̀ kalẹ̀, á tan ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá kó sínú rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ yín lọ nìyẹn. Ẹ lè fi ọkọ̀ mìíràn gbà á: ẹ dúró kí ọ̀gá náà já wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ yìnbọn pa á láìba ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá rí i ṣe, ọkọ̀ méjèèjì á so pọ̀, ìbọn á di ìlọ́po méjì. Ara yín náà á wá fẹ̀, ọta á sì tètè bà yín. Síbẹ̀ àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó gbé wọn. Ẹ má dán an wò o, bó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù.

Asteroids, iṣẹ́ Lyle Rains àti Ed Logg ní ilé iṣẹ́ Atari lọ́dún 1979, kò ní ọ̀pá rárá. Bọ́tìnnì 5 ni, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń sọ yín sí ibi tí ẹ kò mọ̀, bóyá ẹ̀gbẹ́ àwọn àpáta tí ẹ ń yìnbọn fọ́ gan-an. Bí ẹ bá ti ọkọ̀ síwájú, á ṣì máa lọ lẹ́yìn tí ẹ ti jáwọ́. Ìlà funfun tó ń tàn ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n òde òní kì í sì gbé títàn yẹn jáde bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ máa ní láti wá ojúlówó àpótí rẹ̀ (ẹ̀rọ ńlá tí gémù náà kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀), kó sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Defender, ti Eugene Jarvis, le. Ọ̀pá kan, bọ́tìnnì 5, ọ̀tá tó ń jí èèyàn gbé nílẹ̀. Bí gbogbo èèyàn náà bá lọ tán, ayé á bú gbàmù. Kì í ṣe fún ọmọdé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka orúkọ gémù inú àkójọ, ìyẹn ọ̀pọ̀ gémù tí wọ́n kó pọ̀ tà lẹ́ẹ̀kan. Space Invaders Forever kò ní ti 1978 nínú. Space Invaders Invincible Collection ló ní in, ti Switch, ẹ̀rọ gémù Nintendo, sì ni. Galaga wà nínú Namco Museum ti Switch. Asteroids wà nínú Atari 50, tó jáde ní 2022, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣe àwọn gémù náà lẹ́nu wọn. Fún èmi, ìyẹn nìkan tó owó rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ní ẹ̀rọ gémù PS3 tàbí Xbox 360 lè rí Defender nínú Midway Arcade Origins.