Àgbéyẹ̀wò: Ẹ̀rọ BP alápá tí mo rà fún Màámi ní Ìjẹ̀bú-Òde

Oṣù kejì ọdún 2025 ni mo ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) yìí ní ₦34,000, ní ìsọ̀ oníkẹ́místì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá ni, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Bátìrì AA mẹ́rin ló ń jẹ, ó sì ní wáyà tí èèyàn lè fi sí ṣájà fóònù. Oṣù mẹ́wàá rèé tí a ti ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ń ru nílé ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Màámi ti pé ẹni ọdún 71. Ó ti ń lo amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún bí ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ń lò ó dáadáa títí owó oògùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí fò. Gbogbo wa la mọ bí ọdún 2023 ṣe rí: oṣù karùn-ún ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, oṣù kẹfà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, owó oògùn tó ń ti òkè òkun wá kò sì dúró síbi tó wà mọ́. Èmi ni mo ń ra oògùn náà, ṣùgbọ́n Màámi kì í fẹ́ kí ọmọ náwó lé òun lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó lónìí, kó fo ọ̀la. Nígbà tó yá, ó pa á tì pátápátá, ó lọ gba àgbo. Inú ike omi ló ń rọ àgbo náà sí, ó ń gbé e pamọ́ sẹ́yìn àmù. Èmi kò mọ ìkankan nínú èyí nígbà tí mo ń ra ẹ̀rọ. Ẹ̀fọ́rí tó ń ṣe é ní gbogbo ìgbà ló mú mi rà á, àti pé kí a tó wọn BP lẹ́ẹ̀kan péré ní ilé ìwòsàn, owó kẹ̀kẹ́ ti lọ, àárọ̀ ti lọ.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà ni aṣọ apá, ìyẹn aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e délé, ẹ̀rọ náà kọ 181/108. Àyà mi já. Díẹ̀ ló kù kí n gbé Màámi jáde lóru. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó rí i pé wọ́n kọ 22–32 cm sára aṣọ náà. Mo mú téèpù ìránṣọ mi, mo wọn apá Màámi: 36 cm. Bí aṣọ apá bá kéré fún apá, nọ́ńbà tó máa gbé jáde á ju ti òótọ́ lọ. Ẹni tó tà á fún mi kò bi mí bí apá ẹni tó fẹ́ lò ó ṣe tóbi tó, kò sì sọ fún mi pé oríṣi aṣọ náà ju ẹyọ kan lọ. Èyí dùn mí gan-an, nítorí àwọn ìyá wa, apá wọn kì í ṣe tínrín. Mo gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó fi tiwọn wọn Màámi, ó rí 163/98. Ó ṣì ga, ṣùgbọ́n 181 kọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi ra aṣọ ńlá láti Èkó, ₦9,500, ọjọ́ mẹ́jọ ló gbà kó tó dé. Nígbà tí a padà lọ fi wé ti nọ́ọ̀sì, tiwọn kọ 156, tiwa kọ 159. Láti ìgbà náà ni mo ti gba ẹ̀rọ náà gbọ́.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń jókòó. Kí Màámi kọ́kọ́ tọ̀. Kó fi ẹ̀yìn ti àga, kó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kó má gbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì, kó bá ọ̀gangan ọkàn mu. Kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó má sọ̀rọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló le jù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Màámi máa ń jókòó sí láàárọ̀, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kí i, kò sì lè ṣe kó má dáhùn kó tún béèrè àwọn ọmọ wọn. Mo rí i pé bó bá ti kí èèyàn méjì tí ẹ̀rọ ń wọn lọ, nọ́ńbà òkè á fi nǹkan bíi mẹ́wàá lé. Mo gbé àga lọ sí yàrá inú. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń wọ̀n ọ́n, a ń fi ìṣẹ́jú kan sí àárín, mo sì ń kọ méjèèjì sínú ìwé kékeré olójú-ewé ogójì. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé 140/90 tí a ń gbọ́ nílé ìwòsàn kọ́ ni òdiwọ̀n ilé. Bó bá ti wọ 135/85 nílé, ó ti ga, nítorí ara èèyàn máa ń balẹ̀ nílé ju iwájú dókítà lọ.

Ẹ̀rọ yìí ń sọ̀rọ̀, òyìnbó ló ń sọ, ohùn rẹ̀ sì ga. Ẹ pa á. Ìyá àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó ń kéde pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga kí wọ́n tó wọn ìkejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí aṣọ ńlá dé ni ìwé náà sọ ohun tí Màámi kò sọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, àárọ̀ àti alẹ́, èyí tó kéré jù níbẹ̀ ni 152/94. Mo bi í léèrè. Ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, mi ò lo oògùn òyìnbó yẹn mọ́. Àgbo ni mò ń mu, ó sì ń bá mi lára mu. Ṣé o ò rí i bí mo ṣe ń sùn?” Òótọ́ ló sọ, ó ń sùn dáadáa. Mo ṣí ìwé, mo fi hàn án, mi ò bá a jà. Ó di ojú mọ́ nọ́ńbà wọ̀nyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Àwa méjèèjì la jọ lọ bá ìyá tó ń se àgbo náà. Màámi ní kí n má ṣe bí ọlọ́pàá, mo sì kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dá wa lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n dárúkọ egbò asofẹ́yẹjẹ, wọ́n dárúkọ káún, wọ́n ní àwọn yòókù jẹ́ àṣírí iṣẹ́ àwọn. Mi ò lè pe asofẹ́yẹjẹ ní irọ́. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wa ti ń fi tọ́jú wèrè. Ara ìran ewéko rẹ̀ ni wọ́n ti rí èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine yọ ní 1952, tí wọ́n sì fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru káàkiri ayé nígbà náà. Ó ń mú ara rọlẹ̀, ó ń fa oorun. Oorun Màámi kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sè é kò lè sọ iye tó wà nínú ife kan, èyí tí wọ́n sè lọ́jọ́ Ajé kò sì ní kí ó bá ti Ọjọ́rú dọ́gba. Káún ńkọ́? Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, iyọ̀ tí dókítà ti ní kí Màámi dín kù nínú ìkọ́kọrẹ́.

Dókítà ka ìwé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bú Màámi, ó sì dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́. Ó ní kó fi àgbo sílẹ̀, torí bó bá pa á pọ̀ mọ́ oògùn, ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì gbé e ṣubú lójijì. Ó ní amlodipine tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, oògùn kan náà ni. Èyí gan-an ló tu Màámi lára, nítorí owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí mo ń rà tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìgbà náà, ìwé ti ń kọ 138, 136, 134.

Alẹ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù keje, ìròyìn dé pé Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adetona, ti wàjà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Màámi nígbà tí wọ́n gorí ìtẹ́ ní 1960, kò mọ ọba mìíràn ní Ìjẹ̀bú. Oṣù tó ṣáájú ló bá régbérégbé rẹ̀ lọ sí Ojúde Ọba. Fóònù ń dún, WhatsApp ń ké, Màámi kò gbé ọ̀kankan. Ó jókòó sínú òkùnkùn. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, 166/94. Ká ní kò sí ìwé lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá ti sáré gbé e jáde. Ṣùgbọ́n mo mọ bí àná ṣe rí, bí ìjẹta ṣe rí, mo sì mọ̀ pé ó ti lo oògùn. Mo jókòó tì í, ó sọ̀rọ̀ ọba fún mi. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 151/90. Ní àárọ̀, 141/86. Màámi fúnra rẹ̀ ló gba bírò lọ́wọ́ mi, tó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà: Kábíyèsí wàjà.

Àléébù ẹ̀rọ yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní. Ọmọrí ibi bátìrì ti kán, rọ́bà ni mo fi dè é. Bí ẹ bá yọ bátìrì, aago inú rẹ̀ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó tọ́jú pamọ́ á sì wá ní ọjọ́ tí kò bára mu, ẹ má gbára lé e, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí aṣọ apá ti ń lẹ̀ mọ́ra ti ń dẹ̀. Mo tún máa rà á, ṣùgbọ́n n ó gba aṣọ ńlá kí n tó kúrò ní ìsọ̀. Ìwé kejì la wà báyìí. Lálẹ́ àná ó kọ 134/82, Màámi ló sì kọ ọ́.